Ẹ má fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ yín bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ọyẹ́ tó mú yìí. Ìmọ̀ràn kan jáde nínú abala ìlera yín láìpẹ́ yìí, pé kí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn máa bẹ̀rẹ̀ ní gbàrà tó bá ti jí, kó na orúnkún rẹ̀ gbọnrangandan, kó sì máa fi ọwọ́ lu ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà 20. A mọ̀ pé oore ni ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ ṣe. Irú eré ìdárayá kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń sáré láàárọ̀ Sátidé ní Àbújá níbí ń ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú ara tó ń dùn, ni iṣẹ́ wa, àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn là ń tọ́jú, ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣeé dákẹ́ sí. Àkókò tí wọ́n dá kò dára, bí wọ́n ní ká ṣe é kò dára, èyí tó sì dùn wá jù ni pé kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ bi aláìsàn bóyá iṣan ló le ni àbí náàfù, ìyẹn okùn tó ń gbé ìròyìn láàárín ara àti ọpọlọ, ló ń ké.

Ti àkókò la máa fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn jù láti tún ṣe. Láàárín egungun ẹ̀yìn kan sí èkejì ni tìmùtìmù kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní dísìkì. Lóru, nígbà tí a bá ti dùbúlẹ̀ tí ẹrù ara ti kúrò lórí rẹ̀, omi máa ń wọ inú rẹ̀, á sì wú. Ìdí rèé téèyàn fi ń ga ní òwúrọ̀ ju alẹ́ lọ pẹ̀lú nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2. Ẹ gbé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó kún dẹ́nu sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n ti fa omi díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ gbìyànjú láti tẹ méjèèjì po. Èyí tó kún á máa le koko mọ́ yín lọ́wọ́. Bí dísìkì ṣe rí nìyẹn ní wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn oorun, wákàtí yẹn gan-an ni wọ́n sì ní ká tẹ̀ ẹ́ po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà méjì. Ìwádìí kan tí Snook àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1998 fi hàn pé nígbà tí àwọn tí ẹ̀yìn ti ń dùn láti ọjọ́ pípẹ́ yé tẹ ẹ̀yìn po ní kùtùkùtù, ìrora wọn dín kù. Nítorí náà, bí ẹ bá jí, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi ọwọ́ ti ara yín dìde, kí ẹ rìn káàkiri inú ilé díẹ̀. Fífi ọwọ̀ kúkúrú gbálẹ̀ àti aṣọ fífọ̀ lè dúró dìgbà tí oòrùn bá yọ. Àṣálẹ́, lẹ́yìn ìrìn ìṣẹ́jú 5 sí 10, ló dára jù láti na iṣan, pàápàá ní Jos àti Kaduna tí ọyẹ́ ti ń jẹ́ kí ara gan.

Ó yẹ kí òye iṣẹ́ tí iṣan ẹ̀yìn itan, èyí tí wọ́n ní ká nà yìí, ń ṣe yé wa. Iṣan mẹ́ta ló wà lẹ́yìn itan kọ̀ọ̀kan; àwọn agbábọ́ọ̀lù ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ orúkọ òyìnbó rẹ̀, hamstring. Wọ́n so mọ́ egungun ìjókòó, ìyẹn egungun méjì tó máa ń ro wá nídìí bí a bá pẹ́ lórí àga onípákó. Wọ́n gba ẹ̀yìn itan sọ̀kalẹ̀, wọ́n kọjá orúnkún díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì parí sí. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ láti mú nǹkan nílẹ̀, ó yẹ kí egungun ìbàdí yí síwájú lórí egungun itan, kí ẹ̀yìn má ṣe ju díẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí iṣan ẹ̀yìn itan bá le, ìbàdí á dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n fi okùn kúkúrú so mọ́ èèkàn. Kò ní lè lọ jìnnà. Egungun márùn-ún tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló máa wá tẹ̀ ju bó ti yẹ lọ láti san gbèsè tí ìbàdí jẹ.

A ò ní bò ó mọ́ra pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí iṣan rẹ̀ le ni ẹ̀yìn ń dùn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dùn, ara sì mú iṣan le láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fún ẹnikẹ́ni ní eré ìnàsẹ̀ kí a tó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ wò.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nílé nìyí. Ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹní, kí ẹ̀yìn yín kanlẹ̀, kí ẹsẹ̀ kan nà sílẹ̀. Ẹ gbé itan ẹsẹ̀ kejì sókè títí tó fi dúró ṣánṣán, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn itan náà mú kó má lọ síwá sẹ́yìn. Ẹ wá máa na orúnkún sókè díẹ̀díẹ̀ títí iṣan á fi sọ pé ó tó. Ẹ ní kí ẹlòmíràn wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí ojúgun bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán bí ọwọ́ aago tó wà lórí 12, kò sí wàhálà. Àlàfo láti 12 sí 1 lójú aago jẹ́ dígírì 30. Bí ojúgun bá kù ju dígírì 20 lọ kó tó nà tán, ìyẹn bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta àlàfo yẹn, a máa ń ka iṣan náà sí èyí tó le. Ẹ wọn ẹsẹ̀ òsì, ẹ wọn ọ̀tún, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ṣe pàtàkì tó bí líle náà fúnra rẹ̀.

Ẹ má tíì sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀, ibi tọ́rọ̀ wà la dé yìí. Níbi tí ó ti ń fà yẹn, ẹ fa ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé orí kúrò nílẹ̀. A ti sọ pé ìsàlẹ̀ orúnkún ni iṣan ẹ̀yìn itan parí sí. Kò dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì sí ohun tó pa òun àti ọrùn pọ̀. Bí fífa ìka ẹsẹ̀ tàbí gbígbé orí bá wá jẹ́ kí ìrora náà pọ̀ sí i lẹ́yìn itan, tàbí kó máa jó bí iná, kó máa ta bí ẹni tẹ iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì, kó sì sọ̀kalẹ̀ kọjá orúnkún, iṣan kọ́ nìyẹn. Náàfù ni. Náàfù tó tóbi jù lọ nínú ara ló gba ibẹ̀ kọjá. Láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀, ó gba inú ìdí, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun tó bá ń fún un lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ló ti ń ké.

Náàfù kò fẹ́ kí wọ́n na òun kí wọ́n sì dì í mú. Ẹni tó bá fi ipá na náàfù tó ń bínú fún ìṣẹ́jú àáyá 30 á sọ lọ́jọ́ kejì pé físíò ló pa òun lára. Ohun tó fẹ́ ni kó máa yọ́ lọ yọ́ bọ̀ nínú ọ̀nà rẹ̀. Ní ìdùbúlẹ̀ kan náà, ẹ na orúnkún sókè títí tí ẹ ó fi mọ fífà àkọ́kọ́ lára, kí ẹ sì ká a padà lójú ẹsẹ̀ láìdúró. Ìgbà 10, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kò gbọdọ̀ dùn kọjá orúnkún. Bó bá ń dùn, ẹ dín bí ẹ ṣe ń nà án kù. Bó bá sì ń burú sí i lójoojúmọ́, ẹ fi sílẹ̀, ẹ wá ẹni tó máa yẹ ẹ̀yìn yín wò.

Ẹni tó bá jẹ́ pé iṣan ló le lóòótọ́, ẹnu ọ̀nà ni ibi tí a fẹ́ràn jù fún un. Ẹ dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí ìdí yín súnmọ́ férémù ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ kan á gun ara férémù lọ sókè, èkejì á nà gba inú ọ̀nà kọjá. Bí ó bá ń fà jù, ẹ sún ìdí sẹ́yìn. Bí ara bá ṣe ń rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ máa sún mọ́ ọn. Ilẹ̀ ló gbé ẹ̀yìn dúró níbẹ̀, kò lè tẹ̀ po, gbogbo nínà náà sì máa bọ́ sí ẹ̀yìn itan. Ẹni tí kò bá lè sùn sílẹ̀ lè jókòó sí etí àga tó dúró dáadáa, kó na ẹsẹ̀ kan síwájú, kí gìgísẹ̀ kanlẹ̀, kó ká orúnkún díẹ̀, kó gbé àyà sókè, kó wá gbé ìdodo lọ sọ́dọ̀ itan. Ìdodo ni ká wí, kì í ṣe orí. Ẹni tó bá ń fi orí wá orúnkún, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tẹ̀ po. Iṣan kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ṣe nǹkan kan. Àwọn tó ń fi ọ̀já tàbí bẹ́líìtì fa ẹsẹ̀ sókè náà, ẹ má fi í kọ́ ìka ẹsẹ̀, torí ó máa fa náàfù àti ẹ̀yìn ojúgun mọ́ ọn. Ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í gbá mú.

Ìṣẹ́jú àáyá mélòó? Bandy àti Irion dá ìyẹn lóhùn ní 1994. Wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá 15, 30 àti 60 wé ara wọn, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 6. Ẹni tó di 30 mú rí èrè ju ẹni tó di 15 lọ, ṣùgbọ́n 60 kò fi nǹkan kan ju 30 lọ. Ti àwọn àgbà tó ti lé ní ọdún 65 yàtọ̀: ìwádìí Feland ní 2001 fi hàn pé ìṣẹ́jú àáyá 60 ló ṣe wọ́n láǹfààní jù. Ẹ máa mí lọ, ẹ má di èémí mú. Ẹ má sì jó o sókè sódò. Bí ẹ bá fi gìrì fa iṣan, ara máa ń pàṣẹ fún un lójú ẹsẹ̀ pé kó súnkì, kó má bàa já. Ẹ̀ ń fa okùn, ẹlòmíràn ń fà á padà.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń ṣì mú ni ìrora tó wà lórí egungun ìjókòó gan-an, tó máa ń dùn ẹni tó bá jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀. Àwọn tó ń gba ọ̀nà Mararaba àti Nyanya lọ síbi iṣẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ibi tí iṣan ti so mọ́ egungun ló ń dùn, nínà sì máa ń tẹ ibẹ̀ mọ́ egungun, ìrora á wá le sí i. Ẹ dá nínà dúró fún irú èyí. Kí a máa fún iṣan náà lágbára díẹ̀díẹ̀ ló ń fẹ́.

Fún ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì àti orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ẹ gbé ẹ̀yìn sókè wọ́ọ́rọ́ bí ológbò tó ń bínú, ẹ sì jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́, ìgbà 6 sí 8. Lílọ bíbọ̀ ni, kì í ṣe títì í dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa yí sí ọ̀tún yí sí òsì, ìgbà 10 sí apá kọ̀ọ̀kan. Èyí kò ní ìdí láti pa ẹnikẹ́ni lára bí ẹ kò bá fi ipá ṣe é. Àwọn aláboyún tó ti tó oṣù karùn-ún kò gbọdọ̀ pẹ́ ní ìdùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n ti ṣe é.

Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà pín sí méjì. Ẹni tí jíjókòó àti bíbẹ̀rẹ̀ ń dùn, tí ìrìn sì ń rọ̀ lọ́rùn, kó dojúbolẹ̀ lórí ẹní, kó fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara fún ìṣẹ́jú 2. Bí ó bá gbà á, kó fi àtẹ́lẹwọ́ ti àyà sókè, kí ìbàdí wà nílẹ̀, ìgbà 10. Robin McKenzie, oníṣẹ́ físíò ará New Zealand, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n. Kí ẹ máa ṣọ́ ibi tí ìrora ń lọ. Bó bá ń kúrò lẹ́sẹ̀ tó ń padà sí àárín ẹ̀yìn, ó ń san, kódà bí ẹ̀yìn bá ń dùn díẹ̀ sí i. Bó bá kúrò lẹ́yìn tó ń sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Àgbàlagbà tó jẹ́ pé ìrìn ló ń dà á láàmú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú tipiri tó bá rìn díẹ̀, tó sì ń rí ìtura bó bá jókòó tàbí tó tẹ̀ba, òdìkejì ni tirẹ̀. Kó má dojúbolẹ̀ ti àyà sókè rárá. Kó fa orúnkún mọ́ àyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 20, ìgbà 5. Ẹ rí i pé ẹni tó bá fún gbogbo ènìyàn ní eré kan ṣoṣo á wo ọ̀kan sàn, á sì pa èkejì lára.

Nínà nìkan kò tó. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ohun tó ń yí padà ni bí ọpọlọ ṣe ń gba fífà náà láàyè, kì í ṣe pé iṣan ti gùn. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró, á padà sí ipò rẹ̀. Ohun tó ń mú kí ó dúró ni kí iṣan máa gbé ẹrù nígbà tó bá nà. Ẹ mú ọ̀pá kan, ẹ gbé e sí ẹ̀yìn kó kan ìpàkọ́, àárín ẹ̀yìn àti ìdí. Ẹ ká orúnkún díẹ̀, ẹ ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn, kí àyà máa lọ síwájú. Bí ọ̀pá bá kúrò lára ibì kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀yìn ti tẹ̀ po nìyẹn. Ẹ̀yin Mùsùlùmí ti ní èyí lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀: rúkúù, ìyẹn bíbẹ̀rẹ̀ inú ìrun, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Ìrun ọ̀ranyàn ojúmọ́ kan ní rakaa 17, ìyẹn rúkúù 17 tí ẹ lè fi kọ́ ìbàdí ní iṣẹ́ rẹ̀, kódà ti Àsùbáà, torí ẹ̀yìn tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò po dísìkì. Nígbà tí ọ̀pá kò bá kúrò mọ́, ẹ gbé gálọ́ọ̀nù lítà 5 tó kún fómi sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 3 sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì dìde. Ìgbà 8 sí 10, ọ̀wọ́ 3, ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí mai ruwa, ìyẹn ẹni tó ń ta omi, já sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fà á mọ́ ara. Kìlógíráàmù 25 tó jìnnà sí ara wúwo fún ẹ̀yìn ní ìlọ́po ju èyí tó súnmọ́ra.

A ò lè parí láìmẹ́nu kan jẹ̀díjẹ̀dí. Láàárín àwa Yorùbá, yálà ní Sabon Gari Kano tàbí ní Àbújá, ẹ̀yìn kì í pẹ́ dùn kí wọ́n tó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí wọ́n sì gbé àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ lé e. Jẹ̀díjẹ̀dí wà, ṣùgbọ́n ìdí ni tirẹ̀, kì í mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri. Ẹni tó ń da àgbo pọ̀ mọ́ oògùn ìrora fún oṣù mélòó kan lè ní ọgbẹ́ inú tàbí kó ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin bàbá tó sì ń ní kí ọmọ gun yín lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ìyá àgbà. Egungun rẹ̀ lè ti fẹ́lẹ́.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún, Olóòtú, ni kí ẹ tẹ àwọn àmì wọ̀nyí sí ojú ewé kan náà tí ìmọ̀ràn yẹn ti jáde, kí ẹ sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kú tipiri níbi tí gàárì ẹṣin máa ń kàn, ìyẹn ìdí àti abẹ́, ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ dí tàbí tó ń dà láìmọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ: ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́la. Ẹni tí sílípáàsì ń bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ torí kò lè gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè mọ́, kó má pẹ́ nílé. Ìrora ẹ̀yìn tó bá ibà, òógùn òru àti rírù rìn lè jẹ́ ikọ́ ife tó ti wọ egungun ẹ̀yìn. Ọkùnrin tó ti lé ní 50, tí ẹ̀yìn ń dùn lóru tó sì ń rù, kó lọ yẹ pròsítéètì wò. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS tí kò lè gbé itan mọ́, tí ibi tí itan rẹ̀ ti pàdé ikùn ń dùn, oríkèé itan ni kí wọ́n yà ní fọ́tò X-ray, kí ẹnikẹ́ni má na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ṣubú láti orí ọ̀kadà náà, fọ́tò ni àkọ́kọ́.

Ẹ̀ka físíò wà ní National Hospital ní Àbújá, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada, àti ní ilé ìwòsàn egungun ní Dala, Kano. Níbikíbi tí òǹkàwé bá lọ, kó béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá sì máa fún wa láyè fún àwòrán ìnàsẹ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn, ọ̀fẹ́ la máa yà á fún yín.

Àwa oníṣẹ́ físíò kan,
Kubwa, Àbújá.